Bí o bá fẹ́ ṣe másítáàsì lórí àìsàn àti àwùjọ

Àbúrò mi, má tíì sanwó fọ́ọ̀mù. Kọ́kọ́ wá ìbéèrè kan tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn. "Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìlera" kì í ṣe ìbéèrè.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́ọ̀dù ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kí n tó wọ ẹ̀ka Sosiọ́lọ́jì (ìmọ̀ nípa àwùjọ) ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìbéèrè lórí gìrì ọmọdé ni mo sì gbé wọlé. Àwọn ìyá mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn dáadáa, síbẹ̀ àwọn kan á ti fún ọmọ ní àgbo ìtọ̀ màlúù kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Àgbo yẹn lè pa ọmọ: ó máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè mú kí mímí nira. Ó pẹ́ tí a ti ń kìlọ̀. Kí ló dé tí ìkìlọ̀ ò fi wọ̀ wọ́n létí?

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni yóò júwe ọ̀nà fún ọ. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń pinnu ibi tí wọn yóò gbé ọmọ lọ lo ń wá, ẹni tówó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń dá ìyá lóhùn níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, sosiọ́lọ́jì lo ń ṣe. Bó bá jẹ́ ohun tí gìrì jẹ́ lójú ìyá fúnra rẹ̀ lo fẹ́ mọ̀, antropọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa àṣà àti ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn, nìyẹn. Arthur Kleinman, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ti la ọ̀nà kan sílẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an: béèrè lọ́wọ́ ẹni náà orúkọ tó ń pe àìsàn ọ̀hún, ohun tó rò pé ó fà á, ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó ń bà á lẹ́rù jù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, dákẹ́, kí o gbọ́.

Má sì rò pé ìmọ̀ àjèjì ni. Ní 1954, ní Àrò l'Abẹ́òkúta, Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà, ń fi àwọn tí ọpọlọ wọn ò dá wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà.

Tí o bá ń wá ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àwọn olùkọ́ ni kí o wò. Ka ohun tí ẹni tí o fẹ́ kó darí rẹ kọ. Fún àpẹẹrẹ, Ayọ̀délé Jegede ti Ìbàdàn kọ̀wé ní 2007 lórí ìdí tí àwọn ìpínlẹ̀ kan l'Àríwá fi kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn tàbí nọ́ọ̀sì lo ti ń bọ̀, tíọ́rì máa kọ́kọ́ le. Fara dà á. Nígbà tí o bá ka ohun tí Talcott Parsons, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, sọ ní 1951 nípa ipò aláìsàn nínú àwùjọ, wò ó bóyá ó bá agboolé tìrẹ mu.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda láti ṣe ìwádìí ló máa ń gba àkókò jù. Lọ́dọ̀ wa, ìgbìmọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn (UI) àti ilé ìwòsàn rẹ̀, UCH, ló ń yẹ irú ìwádìí yìí wò. Bó bá sì jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ lo ń lọ, o máa dé Sẹkitéríàtì ìjọba láti gba ìyọ̀ǹda tiwọn. Fi ìwé ránṣẹ́ ní kùtùkùtù. Kọ fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda fún àwọn tí o fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá tí ìyá ọlọ́jà lè gbọ́ yé, kí o sì fi àyè ìtẹ̀ka sí i.

Tí o bá dé agboolé, kúnlẹ̀, kí wọn dáadáa. Ìyá ọkọ yóò wá jókòó tì yín, òun ni yóò sì máa dáhùn. Má ṣe lé e. Òun gan-an lè jẹ́ ẹni tó po àgbo náà, nítorí náà gba ìyọ̀ǹda tirẹ̀, kí o fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, lọ bá ìyàwó nídìí ọjà rẹ̀ nígbà tí oníbàárà ò pọ̀. Ohun tí kò lè sọ lójú ìyá ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti sọ ọ́. Má kọ orúkọ wọn sílẹ̀, má sì gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan lọ fún ẹnì kejì.

Yorùbá tí wọ́n sọ gan-an ni kí o kọ́kọ́ kọ jáde láti inú rẹ́kọ́dà, pẹ̀lú àmì. Ó ń gba sùúrù, ọ̀rọ̀ wákàtí kan lè jẹ odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìgbà tí o bá ti wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wọn tán ní Yorùbá ni kí o tó máa ronú Gẹ̀ẹ́sì.

Bó bá jẹ́ òkè òkun ló wù ọ́, Yunifásítì Amsterdam ní másítáàsì ọlọ́dún kan tó pa ìmọ̀ méjèèjì pọ̀. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Chevening ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, oṣù kẹjọ ni wọ́n sì sábà máa ń ṣí i. Ibikíbi tó wù kó jẹ́, lọ béèrè fún tránskíríìptì rẹ, ìyẹn ìwé èsì ẹ̀kọ́ rẹ, lọ́sẹ̀ yìí.