Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí oníbàárà bá dá àdìrẹ padà

"A kì í gba ọjà padà lẹ́yìn owó." Bí ẹ bá yẹ ojú ìwé àwa tí à ń ta àdìrẹ láti Òṣogbo lórí WhatsApp àti Instagram wò, gàdàgbà ni ẹ ó rí i níbẹ̀. Èmi náà kọ ọ́ rí. Ẹ pa á rẹ́. Lábẹ́ òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, ẹni tí kò fojú rí ọjà kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lè tètè dá a padà bí kò bá bá ohun tí ẹ júwe mu, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ aṣọ tó ń padà bọ̀, àwòrán ló fà á. A ó ya àwòrán aṣọ ẹlú lábẹ́ iná gílóòbù lálẹ́, a ó tún fi fílítà kùn ún, aró dúdú á wá di búlúù títàn. Ẹ jáde síta láàárọ̀, kí ẹ yà á lójú ọjọ́. Ẹ kọ iye yáàdì rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì sọ kí wọ́n tó sanwó pé aró lè ṣí ní fífọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ba bùbá funfun jẹ́ kí ẹ tó máa bi wọ́n pé, "Ṣé omi gbígbóná lẹ fi fọ̀ ọ́ ni?"

Èyí tó burú jù ni kí a ka àtẹ̀jíṣẹ́ ká má fèsì. Mo ṣe é fún ìyá kan ní Ìbàdàn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo dá owó wọn padà nígbẹ̀yìn, àmọ́ wọn ò ra nǹkan lọ́wọ́ mi mọ́. Ká ní mo sọ pé "Ẹ má bínú mà, mo ti rí i" lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni!

Ẹ má sì sọ fún ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ pé kó gbé aṣọ wá sí Ọjà Ọba ní Òṣogbo fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo fi àwọ̀ tí wọn ò béèrè ránṣẹ́, èmi ni mo ń san owó ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Bó bá jẹ́ ọkàn wọn ló yí padà, àwọn ni yóò san ti àbọ̀. Kí wọ́n tó sanwó ọjà ni mo ti máa ń sọ ọ́.

Àwọn kan wà ṣá o, tí wọ́n á fi aṣọ lọ òde lọ́jọ́ Sátidé, tó bá di Mọ́ńdè wọ́n á ní kò wu àwọn mọ́, lọ́fínńdà á ṣì máa ta sánsán lára rẹ̀. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń rán páálí kékeré mọ́ etí aṣọ: bó bá ti já, n kò gbà á.