Bí ẹ ṣe lè kó ìdílé lọ sí ilé ìsinmi etí adágún lórí òkè, kí ara yín sì sinmi lóòótọ́

Ohun tó máa ń ba irú ìsinmi yìí jẹ́ kì í sábà jẹ́ òjò. Ètò àpọ̀jù ni. Ìdílé á to nǹkan mẹ́rin jọ fún ọjọ́ kan, wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó jí, wọn ò ní dé etí omi títí aago kan ọ̀sán, ìgbà náà gan-an ni atẹ́gùn sì máa ń gbéra. Lórí òkè, àárọ̀ ni omi máa ń dákẹ́. Bí oòrùn bá ti mú ẹ̀gbẹ́ òkè gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gòkè, èyí tó tutù á sáré wá gba ipò rẹ̀. Adágún tó tẹ́ rẹrẹ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ á ti máa ru gùdù ní aago méjì. Ọ̀sán náà ni òjò alárá máa ń gbára jọ lóṣù ooru. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sínú ètò lójúmọ́, kí ẹ sì ti ṣe é tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní ìyókù ọjọ́, ẹ jókòó.

Kí ẹ tó sanwó ilé

Àwòrán tí onílé gbé síta, igun tó dára jù ni wọ́n ti yà á. Ìbéèrè lẹ máa fi mọ ìyókù.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí ilé náà ṣe ga tó ju ojú òkun lọ. Láti nǹkan bíi mítà 2,500 lọ sókè, ọ́síjìn tó ń wọ ara lè dín kù débi pé orí á máa fọ́ ni, èébì á máa gbé ni, oorun kò sì ní kun ojú. Bí ilé bá ga tó bẹ́ẹ̀, ẹ sun agbedeméjì òkè fún alẹ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó gùn ún dé òkè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró nílẹ̀ bó ti ń rìn, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìbéèrè kejì: láti ẹnu ọ̀nà ilé dé inú omi, ó tó ìṣísẹ̀ mélòó? Àwọn tó ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn máa ń yọ̀ bí ilé bá kángun sómi, àmọ́ ilé bẹ́ẹ̀ ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ilé tó jìn sómi ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà, tí ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ga ju ọwọ́ ọmọ lọ, ló dára jù fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, bí ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ fani mọ́ra tó èkejì.

Ìyókù kò gba àkókò. Ṣé bẹ́ẹ̀dì gidi ni gbogbo rẹ̀, àbí àga ni wọ́n kà mọ́ ọn? Ṣé bàbá àgbà máa gun àtẹ̀gùn kí ó tó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru? Kí ni wọ́n fi ń mú ilé móoru, ṣé ẹ̀rọ tó máa ń ké bí carbon monoxide, gáàsì olóró tí iná máa ń tú jáde, bá ń pọ̀ nínú ilé wà níbẹ̀? Ṣé ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà títí dé ẹnu ilé? Ṣé nẹ́tíwọ̀kì wà? Bí kò bá sí, ẹ gba àwòrán ọ̀nà sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì bèèrè ibi tí fóònù ti ń mú tó sún mọ́ ibẹ̀ jù.

Ẹ bèèrè ibi tí omi mímu ti ń wá pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ láti inú kànga tàbí adágún fúnra rẹ̀, ẹ sè é. Bó bá ti ń hó yaya, ìṣẹ́jú kan ti tó. Bí ilé bá ga ju mítà 2,000 lọ, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, torí pé omi kì í gbóná tó ti ìsàlẹ̀ kó tó hó níbẹ̀. Fún mítà 300 kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gòkè, ìwọ̀n tí omi fi ń hó ń wálẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n kan lórí Celsius. Ìdí kan náà ni ẹ̀wà gbígbẹ fi lè wà lórí iná títí kó má jinná. Ẹ sè é láti ilé, tàbí kí ẹ gbé ìkòkò onídèérí tó ń há oru omi mọ́ inú (pressure cooker) dání.

Ẹrù

Òtútù ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, torí pé ooru ló mú nílé lọ́jọ́ tí wọ́n ń di ẹrù. Afẹ́fẹ́ máa ń tutù sí i ní ìwọ̀n 6 sí 7 fún ẹgbẹ̀rún mítà kan tí a bá gùn. Bí ìlú tó wà nísàlẹ̀ bá wà ní 30, ibi tó fi mítà 1,500 ga jù ú lọ lè wà ní 20 lọ́sàn-án, kó sì wálẹ̀ gan-an lóru. Súwẹ́tà kan tó nípọn, jákẹ́ẹ̀tì òjò kan àti ìbọ̀sẹ̀ méjì lé lórí iye tí ẹ rò, ìyẹn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Aṣọ òwú tó bá tutù kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ó sì ń fa ooru kúrò lára. Irun àgùntàn tàbí pọliẹ́sítà ni kí ẹ wọ̀ lọ sójú omi.

Oòrùn ibẹ̀ kì í jọ oòrùn. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ síni lára, awọ ara sì ń jó lábẹ́ rẹ̀, torí pé ìtànṣán ultraviolet ń fi bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i fún ẹgbẹ̀rún mítà kan. Ìpara tó ń dènà oòrùn, SPF 30 ó kéré tán (nọ́ńbà agbára ìdènà tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀), ni kí ẹ fi para. Ẹ tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì àti nígbàkigbà tí ẹ bá jáde nínú omi. Ẹ má gbàgbé etí àti ẹ̀yìn ọrùn. Ẹ rọra ṣí ìgò náà, torí afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè á ti fẹ̀ sí i, á sì tú jáde lójijì. Yọ́gọ́ọ̀tì inú kúlà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún kúlà, bọ́ọ̀lù yìnyín ńlá pẹ́ ju èyí tó wà ní wẹ́wẹ́ lọ. Ẹ rọ omi mímu sínú ìgò, ẹ má jẹ́ kó kún dé ẹnu, ẹ jẹ́ kó di yìnyín. Bó bá yọ́ tán, ẹ mu ún. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, láti ilé ni kí ẹ ti sè é tán, kó jẹ́ pé ẹ kàn máa gbé e kaná ni. Ẹni tó bá dé nírọ̀lẹ́ tó ní òun máa wá ṣíbí nínú kíṣìnnì àjèjì, ìjà ló ń wá.

Bí ìyá ilé bá sì ń se oúnjẹ mẹ́ta lójúmọ́ níbẹ̀, kò lọ sí ìsinmi kankan, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló yí padà. Ẹ pín in kí ẹ tó kúrò nílé: ẹni tó bá dáná lónìí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan abọ́.

Omi

Omi yìnyín tó yọ́ ló ń wọ inú ọ̀pọ̀ adágún orí òkè. Ojú rẹ̀ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì tutù nini ní ibi tó bò ènìyàn dé orúnkún. Omi tí kò bá tó ìwọ̀n 15 lórí Celsius ń mú kí ènìyàn fa èémí hàà láìròtẹ́lẹ̀ bó bá ti bọ́ sínú rẹ̀. Bí orí bá wà lábẹ́ omi lásìkò náà, omi ló máa fà símú. Mímọ lúwẹ̀ẹ́ kò dí ìyẹn lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má fò wọ̀ ọ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọlé, ẹ bu omi sí ọrùn àti ojú, ẹ dúró títí èémí á fi rọlẹ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì ṣubú sínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jà: kó dojú sókè, kó léfòó, kó máa mí fún ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀, lẹ́yìn náà ni kó tó wẹ̀ wá sétí.

Omi tó mọ́ gaara ń tan ojú jẹ. Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ bó ti ń jáde nínú omi, ibi tó jìn ní mítà méjì á wá dà bíi mítà kan àbọ̀ lójú ẹni tó ń wò ó láti òkè. Òkúta tí ọmọ rò pé ẹsẹ̀ òun máa kàn, kò ní kàn án. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kí àgbàlagbà kan gbé ọ̀pá, kó máa fi wọn omi bó ti ń rìn lọ. Ilẹ̀ inú ọ̀pọ̀ adágún orí òkè máa ń já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mélòó kan. Níbi tó bá ti dé ìbàdí ọmọ, ẹ ta okùn sí i, kí gbogbo ọmọ mọ̀ pé òpin wọn nìyẹn.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì: ìwọ̀n kìló tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni kí ẹ wò, ọjọ́ orí kọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ẹ de gbogbo ìdè rẹ̀, kí ẹ wá di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú, kí ẹ fà á sókè. Bó bá gòkè dé àgbọ̀n tàbí etí ọmọ, ó ti tóbi jù, á sì gba orí rẹ̀ bọ́ nínú omi. Èyí tó ní okùn tó gba àárín itan kọjá ló yẹ ọmọ kékeré. Ọ̀rá onífẹ́ẹ́fẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ sí apá kò lè rọ́pò rẹ̀, nǹkan ìṣeré ni.

Ọmọ tó ń rì kì í sábà pariwo, torí kò rí èémí tó máa fi kígbe. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí àgbàlagbà mẹ́fà jókòó sétí omi, kí kálukú rò pé ẹlòmíràn ló ń wò wọ́n. Ẹnìkan ni kó máa ṣọ́ wọn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, láìsí fóònù, láìsí ọtí. Ẹ fi fèrè sí i lọ́rùn. Ẹni tó bá gba fèrè náà lọ́wọ́ rẹ̀ ló gba iṣẹ́. Ní ti ọmọ tí kò tíì mọ lúwẹ̀ẹ́, ọwọ́ àgbàlagbà gbọ́dọ̀ lè tó o nígbà gbogbo.

Bí ẹ bá fẹ́ wa ọkọ̀ àjẹ̀, ẹ wo iye ènìyàn àti ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ẹ máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Ìdìde dúró ló sábà ń dojú rẹ̀ dé. Ẹ máa tọ etí omi lọ, ẹ má là á kọjá láàárín. Bó bá dojú dé, ẹ dì í mú, torí ọkọ̀ tó ń léfòó rọrùn láti rí ju orí ènìyàn lọ. Nǹkan ìṣeré onífẹ́ẹ́fẹ́ táwọn ọmọ ń gùn, ẹ so ó mọ́ etí omi. Atẹ́gùn ọ̀sán lè gbé e dé àárín adágún kí ẹ tó dìde lórí àga. Bí ohun aláwọ̀ ewé tó ki bá bo ojú omi, kí ọmọ àti ajá má wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Irú rẹ̀ kan wà tó ní májèlé.

Bí àrá bá sán

Ẹ kúrò lójú omi àti lórí pákó èbúté lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú ilé ni kí ẹ sá sí, tàbí inú mọ́tò tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀. Abẹ́ igi kọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá ìkẹyìn ni kí ẹ tó padà síbẹ̀, bí àrá mìíràn bá sì sán láàárín rẹ̀, ẹ tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ á kùn. Ayò, káàdì àti ìwé ni kí ẹ ti kó wá fún irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì sú wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá nǹkan ṣe fúnra wọn.

Ìrọ̀lẹ́ àti iná

Èédú tó ń jó kò gbọ́dọ̀ wọ inú ilé, kódà bó ti ń kú lọ tí òtútù sì ń mú, torí gáàsì carbon monoxide tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn. Kí ẹ tó lọ sùn, ẹ da omi sí iná ìta, ẹ ro eérú rẹ̀ pọ̀, ẹ tún da omi sí i, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn. Bó bá ṣì móoru, kò tíì kú. Ẹ kó ìdọ̀tí oúnjẹ sínú ohun tó ní ìdérí tó le, torí ẹranko.

Bí àwọn ọmọ bá ti gba inú koríko tó ga kọjá, ẹ yẹ abíyá, ẹ̀yìn orúnkún àti ìdí irun wọn wò fún eégbọn. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ mú un níbi tó kan awọ, ẹ fà á lọ́ọ́rọ́ọ́ láìlọ́ ọ. Ẹ má fi epo tàbí iná lé e.

Ọjọ́ ìpadàbọ̀

Ẹ fi àárọ̀ sílẹ̀ fún ìrìn náà, nítorí àrá ọ̀sán kan náà. Mọ́tò ń wálẹ̀ báyìí, kí ẹni tó ń wa á lo jíà kékeré láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa dá a dúró, kó máa tẹ bíréèkì fún ìgbà díẹ̀ kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí, bíréèkì á gbóná débi tí kò fi ní mú mọ́. Bó bá ń rùn bí ohun tó jó, ẹ yà sí ibi tó tẹ́jú, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, ẹ má sì da omi sí i, torí irin tó gbóná bẹ́ẹ̀ lè tẹ̀ tàbí kó sán.