Lùkúlùkú wọ ẹ̀yìnkùlé: ohun tí mo ṣe láti ọjọ́ kìíní

Adìyẹ 22 ló wà lẹ́yìnkùlé mi ní Ọbántokò, Abẹ́òkúta, nígbà tí lùkúlùkú, àrùn adìyẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, dé nínú ọyẹ́. Ẹyin ló kọ́kọ́ tú àṣírí: 15 tí mo ń kó lójúmọ́ di 9, ó di 5, èèpo àwọn míì sì rọ̀ bí ọ̀rá. Lọ́jọ́ kẹta, àgbébọ̀ kan lúgọ sí kọ̀rọ̀, apá rẹ̀ méjèèjì ń wọ́lẹ̀, ó ń yanu mí bí ẹni sáré gun Olúmọ. Ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí ewédú tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kí n tó wá oògùn rárá, mo yà á sọ́tọ̀. Mo fi wáyà àti páálí ṣe àhámọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí ó má baà fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Láàárọ̀, àwọn tí ara wọn ṣì le ni mo ń bọ́ ṣáájú, aláìsàn ló ń kẹ́yìn; bàtà àti abọ́ omi wọn yàtọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Àánú aláìsàn á ṣe wọ́n, wọ́n á lọ wò ó kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n á sì fi sálúbàtà kan náà kó o lọ bá àwọn tó kù.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ á ní kí o da tetracycline sómi. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa lùkúlùkú, oògùn yẹn kò lè pa á. Àìsàn míì tó fẹ́ gùn ún lẹ́yìn ló lè dènà, dókítà ẹran ni kó sì sọ bó bá yẹ, torí ẹyin ìgbà tí oògùn wà lára adìyẹ kò ṣe é jẹ, kò ṣe é tà.

Èyí tó kú láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin ni mo gbé lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta, ní Alábàtà. Mo wọ ọ̀rá sọ́wọ́, mo fi ọ̀rá méjì dì í, mo sì gbé e sórí yìnyín nínú kúlà. Ẹ má fi sí fírísà. Bó bá dì gbagidi, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ má sì là á nílé: bird flu, tó lè ran ènìyàn, tó sì ti wọ Nàìjíríà láti 2006, lè bẹ̀rẹ̀ báyìí gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n là á, àpò kékeré tó ṣáájú ìwe kún fún ẹ̀jẹ̀ tótòtó, bí ìgbà tí epo pupa bá ta sáṣọ funfun; ọ̀kan lára àmì lùkúlùkú nìyẹn.

Àwọn aláìsàn, omi ni mo lépa fún wọn. Igun ẹnu ni mo ń kán an sí díẹ̀díẹ̀. Bó bá gba ọ̀nà èémí, á pa wọ́n kí àrùn tó pa wọ́n. Mo po oúnjẹ wọn bí ògì tó ki. Èyí tí ọrùn rẹ̀ lọ́, mo ń di orí rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ kí ó lè ṣà á jẹ, ó sì yè é. Méjì tí kò lè dìde mọ́, mo pa wọ́n, mi ò jẹ wọ́n. Alágbàtà tó fẹ́ ra àwọn tó ń yanu ní ẹ̀dínwó, mo dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn ṣe ń dé ọjà.

Mẹ́sàn-án ló lọ lápapọ̀. Ihò ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni mo fẹ́ gbẹ́, jìnnà sí kànga, ṣùgbọ́n ìlú tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta kì í tanni: ojú kẹta ni mo gbẹ́ kí n tó bọ́ lọ́wọ́ àpáta. Mo da eérú lé wọn, mo bo yẹ̀pẹ̀, mo to òkúta lé e nítorí ajá.

Mo kó àwọn 13 tó kù sí àhámọ́ míì, mo ha lẹ́búlẹ́bú pákó ilẹ̀ ilé adìyẹ kúrò, mo sun lẹ́búlẹ́bú náà. Ọṣẹ ni mo fi fọ ilé náà ná, nítorí jíìkì kì í ràn níbi tí ìgbẹ́ bá ṣì wà. Nígbà tó gbẹ, mo fi jíìkì ife kan sí omi ife mẹ́sàn-án, mo fọ́n ọn káàkiri. Ẹ má pò ó mọ́ Izal.

Mo ka ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ikú tó kẹ́yìn kí n tó ra àgbébọ̀ mẹ́wàá. Ibòmíì ni wọ́n gbé fún ọjọ́ 21, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mu Lasota, àjẹsára tó ń dènà lùkúlùkú. Ṣọ́ọ̀bù tó ní fíríìjì ni mo ti rà á, inú fúláàsì oníyìnyín ló sì bá mi délé. Mo gba omi lẹ́nu wọn fún wákàtí méjì. Ìdajì lítà omi kànga ni mo lò, torí kẹ́míkà omi ẹ̀rọ ń pa àjẹsára. Mo po ìdajì ṣíbí kékeré mílíìkì tí kò lọ́ràá mọ́ ọn, mo dúró fún ìdajì wákàtí. Ìgò náà jẹ́ ti adìyẹ 200, nítorí náà mo fi omi 200ml yọ́ ọ, mo fi sírínjì fa 15ml sínú omi mílíìkì náà. Kí wákàtí méjì tó pé, wọ́n ti mu ún tán. Èyí tó ṣẹ́kù kò ṣe é tọ́jú di ọ̀la. Mo dà á sínú omi jíìkì, mo sì ri ìgò rẹ̀ mọ́lẹ̀.