Bí ẹ ṣe lè rí ìwé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú ìgbà ogun Hítílà kà ní Kew

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ nílé pé bàbá àgbà yín bá wọn wa bàálù nígbà ogun Hítílà, The National Archives ní Kew, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ìjọba sí, ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Wọn kì í gbowó ìwọlé. Káàdì òǹkàwé ni wọ́n máa béèrè, ọ̀fẹ́ lòun náà: ẹ mú páásípọ́ọ̀tù dání, àti ìwé tó fi àdírẹ́sì yín hàn. Ẹ má mú bírò wọ yàrá ìkàwé, pẹ́ńsùlù nìkan ni wọ́n gbà. Ẹ lè fi fóònù yín ya fọ́tò ojú ìwé láìsan kọ́bọ̀.

Inú AIR 29, orúkọ ọ̀wọ́ ìwé kan ní Kew, ni àkọsílẹ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú wà. Gúúsù Rhodesia, tó di Zimbabwe, àti South Africa ni wọ́n pọ̀ sí jù ní Áfíríkà, torí ojú ọjọ́ ibẹ̀ dáa, ogun sì jìnnà síbẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ ṣí ní Rhodesia ni ti Belvedere ní Salisbury (Harare òde òní), oṣù Karùn-ún 1940. Bàálù kékeré tó ń jẹ́ Tiger Moth ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá yege á bọ́ sórí bàálù Harvard tàbí Oxford. Orúkọ ọ̀gá lẹ máa rí nínú ìwé wọ̀nyí ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Àmọ́ ẹ má wá awakọ̀ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nínú ìwé Rhodesia. Wọn ò kọ́ aláwọ̀ dúdú ní wíwa bàálù níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ àti lébìrà ni wọ́n fún ọmọ onílẹ̀, lórí ilẹ̀ bàbá wọn! Ó ń dùn mí dọ́kàn.

Oṣù Kẹwàá 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin tó ń dí aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ láti di ọ̀gá nínú RAF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì. Peter Thomas, ọmọ Èkó, di ọ̀gá níbẹ̀ ní 1942. Bàálù já pa á ní 1945, ibojì rẹ̀ wà ní Bath. Akin Shenbanjo wà ní 76 Squadron, ọ̀kan lára àwọn ikọ̀ bàálù ogun RAF, wọ́n sì fún un ní DFC, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà fún àwọn tó ń fi bàálù jagun. AIR 27 ni ìwé àwọn squadron. Fún ẹni tó kú sógun, ẹ wo ìkànnì Commonwealth War Graves Commission.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bi àwọn àgbà ilé ní orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, ọjọ́ ìbí, àti nọ́ńbà ológun tó bá wà lórí lẹ́tà àtijọ́. Ẹ fi «sh» rọ́pò ṣ, kẹ́ ẹ sì yọ àmì kúrò lórí orúkọ náà tẹ́ ẹ bá ń wá a.