Oògùn ọmọ SS: ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá ni iṣẹ́ pọ̀ jù

Télọ̀ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, aṣọ régbérégbé ni mò ń rán jù. Èmi ni mo ń bójú tó oògùn ọmọ wa obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, tó jẹ́ SS (síkù sẹ́ẹ̀lì, àrùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ wọ́ bíi dòjé), torí pé ìyá rẹ̀ ti máa ń gba ọ̀nà Èkó lọ ra ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn òbí tó ń gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù máa ń bi mí pé kí ni mo ń fún un tí eegun bá ń ro ó. Ìbéèrè yẹn dáa, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ohun tí ọmọ bá lò lọ́jọ́ tó ń sáré kiri àdúgbò ló ń dín ọjọ́ ìrora kù.

Tí ọmọ yín ò bá tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà nípa pẹnisílìn, oògùn tó ń gbógun ti kòkòrò àrùn. Ọlọ inú, tó wà lábẹ́ ìhà òsì, wà lára ohun tó ń bá ara gbógun ti kòkòrò, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́ lára ọmọ SS. Kòkòrò tí ọmọ mìíràn á fi ikọ́ lásán yọ lọ́wọ́ rẹ̀ lè pa tiwa láàárín ọjọ́ kan. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ ni 125 mg láàárọ̀ àti lálẹ́ títí ọmọ á fi pé ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà 250 mg láàárọ̀ àti lálẹ́ títí di ọdún márùn-ún. Olómi rẹ̀ ń fẹ́ fíríìjì, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná wa ṣe rí. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè gba oníhóró, kẹ́ ẹ máa lọ̀ ọ́ kúnná sínú omi díẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ò gbọdọ̀ yẹ̀ rárá.

Fólíìkì ò nílò àròyé: ó ń bá ara ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, kò sì wọ́n. Paludrine tó ń dènà ibà náà, ojoojúmọ́ ni, torí ibà ẹ̀fọn ló ń fa ọ̀pọ̀ kíráísìsì (ìrora SS tó ń dé lójijì) ní ilẹ̀ wa. Òun nìkan ò tó o, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi bùlọ́ọ̀dù tọ́níìkì tó ní áyọ́ọ̀nù (irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) kún un torí pé ojú ọmọ funfun. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS tó ń fọ́ ń fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ nínú ara, èyí tí wọ́n bá sì fà sí i lára ń dá kún un. Àyàfi tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré.

Hydroxyurea ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Àwọn èèyàn á ní wọ́n gbọ́ pé oògùn jẹjẹrẹ ni, wọ́n á sì sá. Lóòótọ́ ni wọ́n ń fi wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Ní ti ọmọ SS, ó ń jẹ́ kí ara padà ṣe púpọ̀ lára irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú oyún, èyí tí kì í wọ́. Ní 2017 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọ ọdún méjì sókè. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, tó jáde ní 2019, ìrora dín kù, ibà dín kù, fífa ẹ̀jẹ̀ sára náà dín kù.

Dókítà ló ń sọ ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 15 sí 20 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, nítorí náà ẹ rí i pé wọ́n gbé ọmọ lé orí òṣùwọ̀n nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá dé kílíníìkì. Èmi ò jẹ́ fi ìwọ̀n ọdún tó kọjá gé aṣọ fún ọmọ tó ń dàgbà. Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu lóṣù kìíní, ó lè tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kẹ́ ẹ tó rí ìyàtọ̀. Ó lè dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóṣooṣù níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó máa fi oṣù méjì tàbí mẹ́ta sáàárín. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe pé oògùn náà ti kọ ọmọ yín. Èékánná rẹ̀ lè dúdú, ẹ má fòyà. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ti àná, ẹ má fún un ní méjì lónìí. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, kí aláboyún má sì fọwọ́ kan ìyẹ̀fun inú kápúsù rẹ̀. Ṣàgámù la ti ń ra tiwa lọ́jọ́ kílíníìkì, mo sì máa ń rà á kí ti ilé tó tán.

Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó gbà gbọ́ nínú àgbo. Mi ò bá a jà, mo kàn sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín Àbẹ̀kẹ́ ò lè gba oògùn tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ ìrora. Ẹ má dúró kó le. Bí ọmọ bá ti ní apá ń ro òun, ẹ fún un lómi púpọ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e, kì í ṣe yìnyín o. Parasitámọ̀ ló kàn: 15 mg fún kílò kan. Ọmọ 20 kílò á lo 300 mg, ìyẹn 12.5 ml tí ara ìgò bá kọ 120 mg nínú 5 ml. Síríǹjì ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, ṣíbí ilé ìdáná ò dọ́gba. Ó kéré tán kí wákàtí mẹ́fà wà láàárín, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́. Ẹ wo ara oògùn ọ̀fìnkìn náà, parasitámọ̀ sábà máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Tí kò bá tó, ibuprofen, 10 mg fún kílò kan, lẹ́yìn oúnjẹ, ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹ má lò ó tí ọmọ bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tàbí tí dókítà ti sọ pé kíndìnrín rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kò sí áspírìn fún ọmọdé. Abẹ́rẹ́ ìrora tí wọ́n ń gún ní kẹ́mísítì, pàápàá pẹntasósìn, ẹ jìnnà sí i, ó ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ SS di ẹrú. Tẹ́ ẹ bá ti lo méjèèjì tí ìrora ò rọlẹ̀, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn, oògùn tó le jù bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo ní ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi: oògùn, ìwọ̀n, aago. Ìwé yẹn la máa ń gbé lọ, dókítà kì í tún ní láti máa bi wá pé aago mélòó lẹ fún un.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣe ti ilé rárá. Tí tẹmómítà bá kọ 38.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ ra oògùn ibà, ilé ìwòsàn ni. Àyà ríro pẹ̀lú mímí lemọ́lemọ́. Ọmọ tó ṣàdédé funfun, tí ikùn rẹ̀ ń wú: ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà òsì, kẹ́ ẹ lè tètè mọ̀ tí ọlọ inú bá tóbi. Ẹnu tó wọ́, tàbí apá kan tó rọ lójijì, kódà tó bá padà bọ̀ sípò lẹ́yìn wákàtí kan. Láti ọmọ ọdún 2 sí 16, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ nínú iṣan orí, ẹ máa béèrè rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ojúde Ọba ni mo ń ṣọ́ jù. Gbogbo ìlú á wà nínú oòrùn, Àbẹ̀kẹ́ náà fẹ́ bá ẹgbẹ́ jó. Mo máa ń jẹ́ kó lọ, pẹ̀lú ìgò omi lọ́rùn àti aṣọ gbígbẹ nínú báàgì mi bí òjò bá dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọmọkùnrin, ẹ bá wọn sọ èyí kí wọ́n tó bàlágà, torí ojú á tì wọ́n láti sọ ọ́: tí nǹkan ọmọkùnrin bá le tó sì ń ro ó, tí kò rọ̀, kó lọ tọ̀, kó mu omi. Tó bá ti tó wákàtí méjì, kó jí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ òru, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.