Bí a ṣe ń gbé iwájú Hilux sókè, tí a sì ń yan táyà rẹ̀

Gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, sọ ẹrù kalẹ̀, kí o fi tépù wọ̀n ọ́n láti àárín ríìmù dé etí mọ́gáàdì, níwájú àti lẹ́yìn. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni gíga tí o nílò kí iwájú tó bá ẹ̀yìn dọ́gba. Má ra spacer (ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sórí ṣọ́kà láti gbé ọkọ̀ sókè) tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, torí spacer orí ṣọ́kà máa ń gbé ọkọ̀ ju ìnípọn ara rẹ̀ lọ. Bí o bá gbé e jù, CV joint (oríkèé tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà iwájú) á tẹ̀, rọ́bà rẹ̀ á ya, gíríìsì á dà nù.

Ẹni tó ń kó sìmẹ́ńtì lójoojúmọ́ kó má ṣe é rárá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹ̀yìn sókè ni, kó lè tẹ́jú bí ẹrù bá wọ̀ ọ́.

Ríìmù oníhò 6, tí òbìrí tí àwọn ihò náà wà lórí rẹ̀ fẹ̀ tó 139.7 mm, ló bá a mu. Táyà 265/65R17 ga tó 776 mm. 265/70R17 tó 803 mm, nítorí náà bí o bá fi í rọ́pò ti àkọ́kọ́, tí mítà sì sọ 100 km/h, o ti ń sá nǹkan bíi 103. Yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin lọ́tùn-ún lósì, kí o wò ó bóyá táyà ń ha nǹkan.

Lára táyà, pàápàá tòkunbọ̀, wá nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àmì DOT: 2319 ni pé wọ́n ṣe é ní ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019. Ṣe alignment (títo táyà kí wọ́n lè dúró déédéé) lọ́jọ́ tí o bá gbé iwájú sókè gan-an.