Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ọkọ̀ Tí Ẹ́sítéètì Tuntun Yóò Kó Sójú Títì, àti Bí A Ṣe Ń Pín Owó Ọ̀nà Rẹ̀

Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé àkọ́kọ́ nínú ẹ́sítéètì tuntun ni ó yẹ kí a ti mọ iye ọkọ̀ tí yóò máa ti ibẹ̀ jáde láàárọ̀, oríta tí wọn yóò gbà kọjá, àti ohun tí yóò ná ìlú láti gbà wọ́n láyè. Ní Ìlọrin, níbi tí ilé ti ń tàn kálẹ̀ láti Tanke dé Òkè-Odò, láti Gáà-Àkànbí lọ sí ọ̀nà Gánmọ̀, ilé ni ó sábà máa ń ṣáájú títì; ìgbà tí ọkọ̀ bá ti tò gbọọrọ tán ni a tó ń wá ẹni tí yóò sanwó ọ̀nà. Àlàyé yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ dá ẹ́sítéètì sílẹ̀, fún ará àdúgbò tí wọ́n fẹ́ ta kò ó, àti fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìwé náà yóò gba orí tábìlì rẹ̀ kọjá. Ìṣirò inú rẹ̀ kò ju ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ. Sùúrù ni ó ń gbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí òfin ń béèrè, kí ẹ sì mọ ẹni tí ó ni ọ̀nà

Òfin ìlànà ìdàgbàsókè ìlú àti ìgbèríko tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1992 sọ ní abala 33 pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé gbígbé sórí ilẹ̀ tí ó ju hẹ́kítà 2 lọ gbọ́dọ̀ fi ìwé tí ó ṣàlàyé ipa iṣẹ́ náà lórí àyíká kún ìwé ìbéèrè fún àṣẹ ìkọ́lé. Hẹ́kítà 2 kò tó nǹkan: bí a bá yọ ọ̀nà àti gọ́tà kúrò nínú rẹ̀, kò lè mú ju nǹkan bí 30 pọ́lọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100. Ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ tí ìjọba Èkó bá ìjọba àpapọ̀ ṣe, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ilẹ̀ wa dá a pé ọ̀rọ̀ ìlànà ìkọ́lé wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àjọ ìlànà ìkọ́lé ti Ìpínlẹ̀ Kwara ni ìwé ń lọ, ibẹ̀ náà sì ni kí ẹ ti béèrè bóyá ìwé ipa lórí àyíká yẹn kàn yín. Ṣùgbọ́n bí gééètì ẹ́sítéètì yóò bá ṣí sí ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, irú èyí tí ó ti Ìlọrin lọ sí Ajàṣẹ́-Ìpo, ìlẹ̀kùn kejì tún wà láti kàn, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ òde.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀

Oríta tí ọkọ̀ ẹ́sítéètì yóò gbà kọjá ni kí a kà, kì í ṣe iwájú gééètì nìkan. Bí ilẹ̀ náà bá wà lẹ́yìn Òkè-Odò, oríta tí yóò ti bọ́ sí ọ̀nà fásitì ṣe pàtàkì ju gééètì lọ, Gáréèjì Típà sì lè ṣe pàtàkì ju méjèèjì lọ. Ẹ fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí ó wọ oríta, kí ó mú ìwé tí a ti fa ìlà sí dání, kí ó máa sàmì sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì kọ ìhà tí wọ́n yà sí. Kí ó máa ro iye wọn pọ̀ ní ìṣẹ́jú 15 sí ìṣẹ́jú 15, láti agogo mẹ́fà àbọ̀ sí mẹ́sàn-án àbọ̀ òwúrọ̀, àti láti agogo mẹ́ta àbọ̀ sí méje ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, a ó wá ìṣẹ́jú 15 mẹ́rin tí ó tẹ̀léra tí àpapọ̀ wọn pọ̀ jù. Èyí ni wákàtí tí ọ̀nà kún jù, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ìṣirò yóò dúró lé.

Ọjọ́ tí a yàn lè ba iṣẹ́ jẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, tí ọ̀pọ̀ wa ní Ìlọrin ń pè ní Àtàláátà, Àlàrùbá àti Àlàmísì, ni ó dára jù, nítorí pé ọjọ́ Ajé ní wàhálà tirẹ̀, ìrun Jímọ̀ sì ń yí ìrìnnà gbogbo ìlú padà láti ọ̀sán. Ní Tanke, ó di dandan kí fásitì wà ní ṣíṣí. Ẹni tí ó bá ka ọkọ̀ níbẹ̀ nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nílé, bí ó ti rí nígbà ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ ti ọdún 2022, òfìfo ni ó kà. Mo ti rí àbọ̀ kan rí tí wọ́n ka ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, tí ẹni tí ó kọ ọ́ sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé oríta náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọkọ̀ rárá. Kò purọ́, ẹran ni gbogbo ènìyàn wà nílé tí wọ́n ń pín.

Ọ̀kadà kan kò gba àyè tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà, nítorí náà àwọn ẹnjiníà máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní PCU. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ́ 1. Nínú àpẹẹrẹ tí a ó lò níbí, a ó fi ọ̀kadà sí 0.5, kẹ̀kẹ́ Márúwá sí 0.75, bọ́ọ̀sì ńlá àti ọkọ̀ akẹ́rù sí 2. Ìwé ìlànà kan yàtọ̀ sí èkejì lórí àwọn òǹkà wọ̀nyí, nítorí náà kí a kọ èyí tí a lò sínú àbọ̀, kí a má sì pa á dà láàárín iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá iye ọkọ̀ tí ilé kan ń mú jáde

Ní Amẹ́ríkà, ìwé òǹkà tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ìrìnnà, ITE, ń tẹ̀ jáde ni wọ́n máa ń ṣí. Ó fi ilé àdádó kan sí ìrìn ọkọ̀ tí ó lé ní 9 lójúmọ́, àti sí nǹkan bí ìrìn 1 ní wákàtí tí ọ̀nà kún jù ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan máa ń gbé òǹkà yìí wá síbí bí ó ṣe rí, mi ò sì fara mọ́ ọn. Ilé tí bàbá ní ọkọ̀ kan, tí ìyá ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sọ́jà, tí àwọn ọmọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-kéú, kò jọ ilé tí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ lápò.

Ohun tí ó dára jù ni kí a wá ẹ́sítéètì tí ó jọ èyí tí a fẹ́ kọ́, tí ènìyàn ti ń gbé inú rẹ̀, kí a sì jókòó sí ẹnu gééètì rẹ̀. Ká ní ilé 80 ni ènìyàn ń gbé níbẹ̀, tí a sì rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 48, ọ̀kadà 20 àti kẹ̀kẹ́ Márúwá 8 tí ó wọlé tàbí jáde ní wákàtí tí ọ̀nà kún jù. Ọkọ̀ 76 ni, ṣùgbọ́n PCU rẹ̀ jẹ́ 48 pẹ̀lú 10 pẹ̀lú 6, èyí tí í ṣe 64. Bí a bá pín in sí ilé 80, yóò jẹ́ 0.8 fún ilé kan. Bí ẹ́sítéètì tuntun bá ní ilé 120, PCU 96 ni a ó máa retí ní wákàtí náà. Iye ilé tí ènìyàn ń gbé ni kí a fi pín in, kì í ṣe iye ilé tí wọ́n ti kọ́. Ilé tí wọ́n ti kanrin mọ́ fèrèsé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kó sí kì í wa ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tọ ipa ọ̀nà tí wọn yóò gbà

Odò Àsà ni ó la Ìlọrin sí méjì, afárá orí rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹni tí ó ń ti Tanke lọ sí Ọjà Ọba gbọ́dọ̀ gba orí ọ̀kan nínú wọn, ibi yòówù kí ó ti yà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé ní ẹ́sítéètì tí ẹ kà ibi tí iṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjà wọn wà; ẹ béèrè lọ́wọ́ alángùá àdúgbò àti àwọn ọlọ́kadà pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ni wọ́n mọ ẹ̀bùrú tí máàpù kì í fi hàn. Nínú àpẹẹrẹ wa, ká ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni yóò gba oríta tí a kà kọjá: PCU 72 nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wo ohun tí oríta náà lè gbé

Ọkọ̀ tí a kà lónìí kò ní dúró sí iye yẹn títí wọn yóò fi kọ́ ilé tán. Bí oríta náà bá ń gba PCU 1,200 ní wákàtí kan lónìí, tí a sì gbà pé yóò máa fi ìdá 4 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dọọdún fún ọdún 5, yóò di nǹkan bí 1,460, ì báà jẹ́ pé ẹ́sítéètì wá tàbí kò wá. Ẹ fi 72 kún un, ó di 1,532.

Ìdúró ọkọ̀ ni a fi ń mọ̀ bóyá oríta rù ú tàbí kò rù ú. Lẹ́tà A, tí ó dára jù, títí dé F, tí ó burú jù, ni Highway Capacity Manual, ìwé ìlànà àwọn ẹnjiníà ọ̀nà ní Amẹ́ríkà, fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ní oríta tí ó ní iná adaríkọ̀, bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí kí ó dín, A ni. Bí ó bá ju 80 lọ, F ni. Ní oríta tí kò ní iná, ohun tí ó bá ti ju 50 lọ ti di F, torí awakọ̀ tí kò rí iná tí yóò fún un láyè kì í pẹ́ kánjú. Aago inú fóònù tó láti wọn ìdúró ti òní, ṣùgbọ́n ti ọdún márùn-ún òní gba ẹnjiníà tí COREN, àjọ tí ń rí sí iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà ní Nàìjíríà, fún ní ìwé àṣẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ pín owó

Ibí yìí ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ká ní àtúnṣe oríta yóò gba mílíọ̀nù 60 náírà. Ẹni tí ó ń kọ́lé yóò sọ pé 72 nínú 1,532 ni tòun, ìyẹn ìdá 4.7 nínú 100, yóò sì mú nǹkan bí mílíọ̀nù 2.8 náírà wá. Ará àdúgbò yóò sọ pé ṣe bí oríta ti wà kí ó tó dé, nítorí náà kí ó san gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tí ó tọ́ nínú méjèèjì. Ọkọ̀ tí ó pọ̀ sí i ni ó sọ àtúnṣe di dandan, ọkọ̀ tí ó pọ̀ sí i náà ni a ó sì fi pín in: 1,532 dín 1,200 jẹ́ 332, tòun nínú rẹ̀ sì jẹ́ 72, èyí tí í ṣe ìdá 21.7 nínú 100. Nínú mílíọ̀nù 60, ó jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 13 náírà.

Ṣùgbọ́n kí a tó kọ ìwé owó náà, ẹ bi ẹnjiníà pé èwo nínú mílíọ̀nù 60 yìí ni ti àbùkù tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí mílíọ̀nù 20 bá jẹ́ ti gọ́tà tí ó ti wó láti ọjọ́ pípẹ́ àti ojú títì tí òjò ti jẹ, gbèsè àtijọ́ ni, kì í ṣe ti àlejò. Mílíọ̀nù 40 ni a ó pín, ìpín ẹ́sítéètì yóò sì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 8.7 náírà, tàbí nǹkan bí 72,300 náírà lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sì ti fi owó ara rẹ̀ ṣe apá kan iṣẹ́ oríta náà, kí a yọ iye rẹ̀ kúrò.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń jiyàn bẹ́ẹ̀. Ní Kalifóníà, ìjọba ìbílẹ̀ El Dorado bu dọ́là 23,420 fún ọkùnrin kan, George Sheetz, gẹ́gẹ́ bí owó ọ̀nà kí ó tó lè gbé ilé kan ṣoṣo kalẹ̀ sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá a ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 pé nítorí pé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ó gbé iye owó kalẹ̀ kò yọ ọ́ kúrò nínú ìdánwò: ó gbọ́dọ̀ tan mọ́ ìnira tí ilé náà yóò fà, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé rẹ̀. Wọn kò sọ bóyá iye yẹn pọ̀ jù; wọ́n dá ẹjọ́ padà sí ilé-ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ san án níbi tí a ti lè rí i

Kí owó tó jáde, ẹ béèrè òfin tí ó dárúkọ rẹ̀. Àpò ìjọba ni kí ó wọ̀, pẹ̀lú rìsíìtì, kí ìwé àdéhùn sì dárúkọ oríta tí a san án fún àti ọdún tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí. Owó ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe owó ọ̀nà, bí ó ti wù kí wọ́n pè é.

Nígbà tí ènìyàn bá ti kó sí ìdajì ilé náà, ẹ padà lọ jókòó sí ẹnu gééètì, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí 0.8 tí a lò bá já sí 0.6, PCU tí ó ń gba oríta yóò di 54 dípò 72, ìpín ẹ́sítéètì yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 6.9 náírà, kí ìyàtọ̀ rẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tí ó san án. Bí ó bá ju 0.8 lọ, kí ó mú àfikún wá kí wọ́n tó fún un ní àṣẹ láti kọ́ ìdajì kejì.